Gbèsè tí Odòde Jẹ Ajá

Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń bá wa gbé inú ilé, kò sí èyí tí a ń lò tó ajá, kò sì sí èyí tí a ń bú tó o. Bí ènìyàn bá hùwà àìtọ́, a ó ní ó ṣe bí ajá. Bí ọmọ kò bá gbọ́ràn, a ó pa òwe fún un pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí olóyè ti sùn, tí ọ̀mọ̀wé ti sùn, tí ọlọ́dẹ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ajá tí a bú ní ọ̀sán náà ni ó jí sílẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọmọ Odòde tí ojú yín là sọ nínú ìwé ti oṣù yìí kò ju èyí lọ: a jẹ ajá ní gbèsè, ó sì ti tó àkókò tí ìlú yóò jókòó, tí yóò yan ọjọ́ kan, tí yóò sì san án ní gbangba.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ owó kòkó ti tán nílẹ̀ tí olóòtú fi jókòó ti ọ̀rọ̀ ajá. Kò tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá tí à ń sọ yìí ní ẹ̀mí ọmọ ènìyàn nínú, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ti rí i nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí òkè bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn baba wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí a wà lónìí. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn 682 tí ó lọ sí ìlú àtijọ́ náà mọ irú ibi tí ó jẹ́: àpáta níwájú, àpáta lẹ́yìn, igbó ńlá nísàlẹ̀, ààfin Ọwá àtijọ́ láàrin. Àwọn àlejò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá wo ààfin náà, wọn a máa ya àwòrán. Láti ọdún 2007 sì ni orúkọ òkè wa ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí ìjọba Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Èyí dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìbéèrè tí àlejò àti onílé ń béèrè lórí òkè náà, ìwọ̀nba ni ẹni tí ó ń béèrè ẹni tí ó ń ṣọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní òru. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ nígbà náà. Ọdẹ ni, àti ajá ọdẹ. Ẹni ibi tí ó bá ń ti inú igbó yọ́ bọ̀ lè tan ojú ènìyàn jẹ. Imú ajá ni kò rọrùn láti tàn. Ẹran tí ọdẹ yin ìbọn fún tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú pàlàpálá àpáta lọ, ta ni ó lè tọ ipa rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn bí kò ṣe ajá? Nígbà tí a sì sọ̀kalẹ̀ tán, tí kòkó di iṣẹ́ wa, ajá kò ní iṣẹ́ òun ti tán. Ó bá wa lọ sí abúlé oko, ó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku tí ń jẹ èso kòkó lórí igi, ó ń gbó olè tí ó wá kó kòkó níbi tí a sá a sí.

Àwọn ọdẹ àgbà mọ oore yìí. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa yọ ìpín ajá sọ́tọ̀ kí ẹran tó dé ilé, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ajá kò ní wọ inú ẹ̀gún fún òun lọ́la. Àwọn ni wọ́n sì sọ fún wa pé ajá tí ó bá ní ẹni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Ẹ kíyè sí òwe náà dáadáa. Òwe ẹni méjì ni: ajá tí ń pa ọ̀bọ, àti ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, ajá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni a kò rí mọ́.

Nínú àlọ́ pẹ̀lú, àwọn baba wa kò fi ajá ṣe ẹ̀sín. Ta ni kò mọ àlọ́ ọdẹ tí àwọn ìwin inú igbó ká mọ́ orí igi, tí ó ké pe ajá rẹ̀ mẹ́ta ní orúkọ, tí wọ́n já okùn nílé tí wọ́n sì sáré wá gbà á? Orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀gbálẹ̀gbárawé, kò tí ì kúrò lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Àlọ́ tí ó tilẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti ìyàn. Ebi pa gbogbo ẹranko, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí a pa á jẹ. Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá pa á, yóò kọrin, ìyá yóò sọ okùn sílẹ̀, ajá yóò gòkè lọ jẹun. Títí Ìjàpá fi tú àṣírí náà. Ẹ wò ó: nínú ayé tí ẹ̀dá gbogbo ti gbà pé ebi ju ìyá lọ, ajá ni àwọn àgbà fi ṣe ẹni tí kò gbà. A mọ̀ pé àlọ́ mìíràn wà tí ajá ti bá Ìjàpá lọ jí iṣu nínú oko olóko. A kò pe ajá ní áńgẹ́lì. Ọ̀rẹ́ ni a pè é.

Ọ̀rọ̀ wá kan Ògún, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti rọra tẹ ilẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ òkè wa mọ́ Ògún láti ọdún 1967, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde tí ó sì fi orúkọ Ìdànrè sí i, ọdún 19 kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ní ilẹ̀ wa àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, ní Oǹdó, ní Ìrè-Èkìtì, ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, ajá ni ẹbọ tí a mọ̀ mọ́ Ògún. Àwọn ará òkèèrè a máa gbọ́ èyí, wọn a sì ní ìkà ni wá, pé a kò fẹ́ràn ajá. Lójú tiwa, wọn kò mọ ohun tí ẹbọ jẹ́. Ẹnìkan kì í mú ohun tí kò níye lórí lọ síwájú òrìṣà. Ògún Lákáayé, tí ọdẹ ń ké pè, tí alágbẹ̀dẹ ń ké pè, tí awakọ̀ ojú pópó ń ké pè, kò sọ pé kí a fún òun ní ẹran tí ó ń jẹ koríko kiri láìmọ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ń bá ọdẹ rìn ni ó béèrè. Ìyìn ni èyí jẹ́ fún ajá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìyìn tí ajá kì í yè láti gbọ́.

Nítorí náà, a kò kọ ìwé yìí láti bá àwọn àwòrò jà. Ohun tí a ń bá jà ni èyí tí ó sápamọ́ sí abẹ́ ẹ̀wù Ògún: ajá tí a jí gbé ní òru, tí a dì sínú àpò, tí a fi kùmọ̀ lù pa ní ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́mu, tí a fi ata sè, tí a sì ń tà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́. Àwọn ará Oǹdó ní orúkọ fún ẹran náà, lókìlí, àwa náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń jẹ lókìlí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kò bọ Ògún. Ikùn ara rẹ̀ ni ó ń bọ. A kì í ṣe ọlọ́pàá ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pe orúkọ Ògún sí i, kí ó má sì jẹ́ pé ajá opó kan tí kò ní olùṣọ́ mìíràn ni ó wà nínú ìkòkò.

Ohun mìíràn tí ó ń dùn wá ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní ayé àtijọ́, sísọ ajá lórúkọ kì í ṣe eré ọmọdé. Baálé ilé tí aládùúgbò ń ṣe ìlara rẹ̀ kò ní bá a jà. Yóò sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, yóò sì máa ké pè é ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ẹlòmíràn yóò sọ tirẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò. Ìwàásù ni orúkọ wọ̀nyí, òwe sì ni wọ́n. Ajá ń gbé òwe náà kiri àdúgbò láìgba owó. Ẹ lọ dúró sí ojú títì Odòde lónìí kí ẹ ké "Bingo" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka iye ajá tí yóò yíjú wò yín. Òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ọdún 1960, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ajá wa. Àwa tí a ń bínú pé àwọn ọmọ wa ń jẹ́ orúkọ tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ni a ti ṣe gbà kí gbogbo ajá ìlú máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orúkọ ajá ti pàdánù agbára rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní Sango Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan nítorí pé ó kọ Buhari, orúkọ ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, sí ara ajá rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, wọ́n ní ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Òun ní nítorí pé òun fẹ́ràn Ààrẹ ni òun ṣe sọ ajá òun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rín káàkiri. Àwa kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. A rí i pé àṣà àtijọ́ náà ṣì wà láàyè, àti pé àwọn tí ń ṣe àkóso pàápàá mọ̀ pé orúkọ tí a bá sọ ajá lè bá ènìyàn wí.

Bí a ti ṣe sí orúkọ náà ni a ṣe sí ajá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá lówó díẹ̀ yóò ránṣẹ́ lọ ra ajá ilẹ̀ òkèèrè, tí irun rẹ̀ bò ó bí aṣọ òtútù, tí ó ń mí hẹlẹ nínú ooru wa. Yóò ra ẹran fún un lójoojúmọ́, yóò sì gbà á sínú ọkọ̀. Ajá tiwa, onírun kúkúrú, onírù kíká, tí ó mọ igbó yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni ó ń tú ààtàn káàkiri. A kò ní kí olówó má ra ohun tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n a ti rí ilé kan tí ajá òyìnbó ti sùn fọnfọn nínú àgọ́ onírin, tí ajá ìta tí ẹnikẹ́ni kò bọ́ sì ni ó gbó tí olè fi sá.

Ṣé àwọn ẹlòmíràn ní ayé máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá? Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ òyìnbó nìkan. Ní Nepal, lẹ́bàá àwọn òkè Himalaya, ọdún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Tihar. Ọjọ́ kan nínú ọdún náà jẹ́ ti ajá, wọ́n sì ń pè é ní Kukur Tihar. Ní ọjọ́ náà wọn a fi ọ̀wọ́ òdòdó kọ́ ajá lọ́rùn, wọn a fi àmì pupa sí i níwájú orí, wọn a sì gbé oúnjẹ tí ó dára kalẹ̀ fún un, ìbáà ṣe ajá ilé, ìbáà ṣe ajá ìgboro tí kò ní olówó. Àwọn elẹ́sìn ìbílẹ̀ ibẹ̀ gbà pé ajá ni ońṣẹ́ Yama, òrìṣà ikú. Wọn kò kọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀sìn wọn ni ó ti jáde.

Ti Japan tún yàtọ̀. Ní ọdún 1923, nígbà tí àwa ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ni a bí ajá kan níbẹ̀ tí a ń pè ní Hachikō. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Tokyo, Hidesaburō Ueno, ni ó ni ín. Ní ìrọ̀lẹ́, ajá náà a máa lọ pàdé olówó rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Shibuya. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sí ibi iṣẹ́, ikú pa á níbẹ̀. Ajá náà kò mọ ikú. Ó ń lọ sí ibùdó náà fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án, títí tí òun náà fi kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1935. Wọ́n ti fi idẹ ya ère rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1934, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a kó ère náà lọ yọ́ nítorí ohun èlò ogun, wọ́n sì ṣe òmíràn ní ọdún 1948. Ẹni tí ó bá mọ Ògún yóò sọ pé baba wa náà gba ajá tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Japan.

A kò sọ ìtàn wọ̀nyí kí a lè fi òdòdó kọ́ ajá lọ́rùn ní Odòde. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ajá wa yóò kọ́kọ́ jẹ òdòdó náà ni. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ìlú kọ̀ọ̀kan dúpẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, láti inú ohun tí ó gbàgbọ́. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa tí wọ́n ń yẹra fún itọ́ ajá nítorí ìwẹ̀nùmọ́ kò ní láti ta ko èyí. Wọ́n mọ ajá tí ó bá àwọn ará inú ihò sùn nínú Kùránì, wọ́n sì mọ ìtàn ẹni tí a dárí jì nítorí pé ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi mu. Àwọn Kristẹni sì ti kà á nínú ìwé Lúùkù pé nígbà tí ọlọ́rọ̀ kò náání Lásárù ní ẹnu ọ̀nà, ajá ni ó wá lá egbò rẹ̀.

A dé ibi tí a ní ẹ̀mí ènìyàn wà. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ náà, dìgbòlugi. A tilẹ̀ máa ń fi bú ara wa. Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ajá sínwín tó, ó mọ iná. Òwe náà dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ajá tí dìgbòlugi bá mú lóòótọ́ kò mọ iná, kò mọ olówó rẹ̀, kò mọ ọmọ tí ó bọ́ ọ ní àná. Itọ́ rẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà wà. Ojú ibi tí eyín gbà wọlé ni ó ń gbà wọ ara ènìyàn, yóò sì máa tọ ọ̀nà iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ó ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó fara hàn. Ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan. Ìdí nìyí tí ìdílé fi máa ń gbàgbé ọjọ́ tí ajá bu ọmọ jẹ, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá tí ó ṣe é. Bí ẹ̀rù omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba aláìsàn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe babaláwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa ní ọdọọdún, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Éṣíà àti Áfíríkà. Nínú 100 tí ó bá mú, ajá ni ó kó o ran 99. Nínú 100 tí ó bá kú, nǹkan bí 40 jẹ́ ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 15.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti mọ bí a ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ní ìlú Paris, Louis Pasteur jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ṣe. Ọmọ náà yè. Abẹ́rẹ́ ti ajá pẹ̀lú wà. Ajá tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta lè gbà á, kí a sì máa tún un gún ní ọdọọdún. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ajá 70 nínú 100 ní ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ajá, ìdá 70 péré! Ìdí nìyí tí àwọn àjọ àgbáyé fi pinnu pé kí ó tó pé ọdún 2030, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kú mọ́ nípa dìgbòlugi tí a kó lára ajá.

Kí ni àwa ń ṣe dípò èyí? Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, igbe àkọ́kọ́ ni pé kí a pa ajá náà. Àwọn kan a fi epo pupa sí ojú egbò. Àwọn mìíràn a ní kí ẹni tí a bù jẹ jẹ ẹ̀dọ̀ ajá náà kí ara rẹ̀ lè yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ẹni náà lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ajá náà bá ní olówó tí ara rẹ̀ sì dá, kí a dè é mọ́lẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ó bá wà láàyè tí kò sì yí padà, ọkàn yóò balẹ̀. Ajá tí a pa tí a sin kò lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pa ajá tà, ẹ gbọ́: a ti yẹ ọpọlọ àwọn ajá tí a pa fún ẹran ní Nàìjíríà wò, a sì rí dìgbòlugi nínú àwọn kan. Ẹni tí ó di ajá lẹ́nu mú, tí ó fi ọwọ́ tí ó ní egbò kun orí rẹ̀, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe tẹ́tẹ́.

Báyìí ni a ṣe fẹ́ kí Odòde san gbèsè náà. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí Pasteur kú ní ọdún 1895, ni gbogbo ayé ti ń lò láti ọdún 2007 láti rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Kí àwọn olóyè wa bá Kábíyèsí Ọwá sọ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọjọ́ náà di Ọjọ́ Ajá ní Odòde. Kí ó má jẹ́ ọjọ́ àsọyé àti àga ríra. Àwọn ọdẹ ni kí ó ṣáájú, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ajá jù. Kí wọ́n fa ajá wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú fèrè, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì fa tirẹ̀ tẹ̀lé wọn wá sí ìta gbangba. Àwọn oníìjálá tí ń kí erin, tí ń kí ẹfọ̀n, kí ó kí ajá fún wa ní ọjọ́ náà lójú rẹ̀, bí ó ti wà láàyè. Kí dókítà ẹranko ti ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kò yẹ kí ó dá ìlú dúró: bí olóyè kọ̀ọ̀kan bá gbà láti san ti ajá mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìlú sì gbà ti ogún, àwọn ọdẹ tí kò ní owó lọ́wọ́ kò ní padà sílé lófo.

Nípa oúnjẹ tí a ó fún wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kàn wá ju ìlú mìíràn lọ. Kòkó jẹ́ májèlé fún ajá. Èso rẹ̀ tí a sá, èèpo rẹ̀, àti ṣokoléètì tí a fi ṣe é, gbogbo wọn ni ó lè pa á, nítorí ohun kan nínú kòkó tí ara ènìyàn ń tètè mú kúrò ṣùgbọ́n tí ti ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí a máa fi nǹkan dí ibi tí a ń sá kòkó sí, kí ọmọdé tí ó fẹ́ ṣe ajá lóore ní ọjọ́ náà má ṣe fi ohun dídùn tirẹ̀ bọ́ ọ. Eegun adìẹ tí a ti sè pẹ̀lú a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹran díẹ̀, ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ láìsí ata, àti omi tútù nínú igbá mímọ́, ó tó. Omi náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbàgbé. A ó gbé oúnjẹ fún ajá, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó lọ máa mu omi gọ́tà.

Kí akọ̀wé kan sì jókòó pẹ̀lú ìwé ńlá. Ajá tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́, kí a kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ olówó rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀, kí a so okùn kan tí a lè dá mọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá jí i gbé yóò mọ̀ pé ajá tí ìlú mọ̀ ni òun gbé, àwọn olóyè yóò sì ní ohun tí wọn yóò dì mú nígbà tí wọ́n bá pe olè náà. Orúkọ Yorùbá nìkan ni a fẹ́ kí akọ̀wé náà kọ sínú ìwé. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń jẹ́ Bingo ní àkókò láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ náà láti bá àwọn àgbà ilé rẹ̀ jókòó, kí wọ́n wá òmíràn fún un.